Wọ́n ní kánsà inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là á yé mi ní Yorùbá

Ìyá Tiwa, Iléṣà

Ẹ kú ọjọ́ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún márùn-ún, ó ti tó bí oṣù méjì tí ara rẹ̀ ti ń gbóná, tó bá lọ á tún padà wá, a lo oògùn ibà, a tún un lò, ilé ìwòsàn kan ládùúgbò wa níbí ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ara rẹ̀ fúyẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kò fẹ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, àfi ká gbé e. Àwọn èèyàn ní bóyá fóníkúfọ́láàrùn ni, a yẹ jẹnotáìpù rẹ̀ wò, AA ló gbé jáde. Ìgbà tí mo wá rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, tí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tó bá ti ń fọ ẹnu, tí àwọn àmì pupa wínníwínní sì yọ sí i lójúgun tí kì í yún un rárá, ni mo gbé e pọ̀n, ó di ọsibítù Wesley Guild níbí. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà lára, jẹ́ 14. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Ifẹ̀.

Ní Ifẹ̀ wọ́n gún egungun ìdí rẹ̀, wọ́n fa nǹkan jáde níbẹ̀. Dókítà wá pe èmi àti bàbá rẹ̀, wọ́n ní acute lymphoblastic leukaemia, ALL, pé kánsà inú ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n fara balẹ̀ ṣàlàyé o, n ò lè purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti dárúkọ kánsà ni etí mi ti di, n ò gbọ́ ìyókù mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ bá mi dá sí i. Kí ló fà á, àbí nǹkan tí mo jẹ nígbà oyún ni? Ṣé ó ń ràn, torí ó ní àbúrò ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tí wọ́n jọ ń sùn? Wọ́n ní ìtọ́jú rẹ̀ á gba ọdún méjì sí mẹ́ta, kí ló dé tó fi máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n tún ní àwọn á máa gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ìyá ọkọ mi sì ti fárígá, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá gún lẹ́yìn kì í rìn mọ́, pé ká gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ ká lọ rí bàbá kan lọ́nà Ìpetu tó ń fi àgbo wo jẹjẹrẹ. Ọkọ mi ò mọ ti ẹni tí òun á gbọ́. Lákòótán, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ọmọ máa ń yè é?

Nọ́ọ̀sì Lágeré, Ilé-Ifẹ̀

Ìyá Tiwa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni, Olúwa á fún yín lókun. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, èmi kọ́ ni mò ń tọ́jú Tiwa o, torí náà ohun tí dókítà tirẹ̀ bá sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n mo lè là á yé yín.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tẹ́ ẹ bi kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ máa ń yè é. Nínú gbogbo kánsà tó ń ṣe ọmọdé, ALL yìí ló wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, àwọn ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún ló sì ń bá jà jù, òun náà ló tún wà lára àwọn tí oògùn ń ràn jù. Láwọn ilẹ̀ tí owó àti oògùn ti wà, tí ọmọ mẹ́wàá bá ní in, bíi mẹ́sàn-án ló ń bọ́ níbẹ̀ tó ń dàgbà. Lọ́dọ̀ tiwa kò tíì rí bẹ́ẹ̀. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé nínú gbogbo kánsà ọmọdé lápapọ̀, àwọn tó ń là á já láwọn ilẹ̀ tí kò lówó ò tó ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ló sì bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 2018 pé kó tó di 2030 kí ó kéré tán tó ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé àìsàn tó wà lára ọmọ tiwa le ju tiwọn lọ. Pípẹ́ ká tó dé ọsibítù ló ń fà á, àìrówó ra oògùn, kòkòrò àrùn tó ń wọlé sí ọmọ lára nígbà tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, àti kí òbí gbé ọmọ lọ kí ìtọ́jú tó parí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń dùn mí jù torí ọwọ́ ẹbí ló wà.

Ohun tó ń jẹ́ lùkímíà gan-an rèé. Inú egungun wa, nínú mùdùnmúdùn, ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú kiri ara, ibẹ̀ ló ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe platelet tó ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ dá tí a bá fara pa. Lára Tiwa, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò tíì gbó ló yí padà, kò gbó mọ́, kò ṣe iṣẹ́ kankan, ó kàn ń di méjì, ó ń di mẹ́rin, ó ń pọ̀ sí i títí tó fi gba gbogbo àyè inú mùdùnmúdùn, àwọn tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ò wá ríbi dúró sí mọ́. Ẹ wá fi wé gbogbo ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó lọ sílẹ̀ ló sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di funfun. Platelet tó yẹ kó lé ní 150,000 ló já wálẹ̀ tí eyín fi ń ṣẹ̀jẹ̀, àwọn àmì pupa wínníwínní yẹn náà, ẹ̀jẹ̀ tó ń jò sábẹ́ awọ ni wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó péye ò sí láti báàrùn jà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ibà rẹ̀ máa lọ máa bọ̀. Ẹsẹ̀ tó sì ń dùn ún, mùdùnmúdùn tó kún àkúnya ló ń ti egungun látinú. Ẹ ò rí i pé ó jọ ibà, ó jọ fóníkúfọ́láàrùn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ níbí. Ọmọ tí ibà rẹ̀ bá ti ń lọ tó ń bọ̀, tó ń funfun, tí egungun tún ń dùn ún, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú àti lẹ́nu láìnídìí, ẹ jọ̀ọ́ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka eléyìí, ẹ ní kí wọ́n ṣe full blood count, ìyẹn kíka gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀, fún un, kí wọ́n sì wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ jẹ nínú oyún. Kì í ṣe ọmú yín, kì í ṣe Indomie, kì í ṣe ayé. Àṣìṣe ló wọ inú DNA, ìlànà tó ń darí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nígbà tó ń pín ara rẹ̀, lára ọ̀pọ̀ ọmọ kò sí ohun pàtó téèyàn lè nàka sí pé òun ló fà á. Ọmọ tí wọ́n bí Down syndrome mọ́ máa ń tètè ní in ju ọmọ mìíràn lọ, ìtànṣán olóró tó pọ̀ lápọ̀jù náà lè fà á, díẹ̀ nínú ohun tá a mọ̀ dájú nìyẹn. Kì í sì ràn, kí àbúrò rẹ̀ máa bá a sùn, kí wọ́n jọ máa ṣeré.

Ní ti abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ẹ má bá màmá jà, ẹ̀rù ọmọ-ọmọ wọn ló ń bà wọ́n. Ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń gbà sí iṣan kì í wọ ọpọlọ dáadáa, àwọn sẹ́ẹ̀lì burúkú yẹn sì máa ń sá lọ síbẹ̀ lọ dúró de ìgbà tí ìtọ́jú bá parí. Wọ́n wá ń fi oògùn kánsà kan tó ń jẹ́ methotrexate sínú omi tó yí ọpọlọ àti okùn ọ̀pá ẹ̀yìn ká. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, súnmọ́ ìbàdí, ni wọ́n ń gún, okùn yẹn fúnra rẹ̀ sì ti parí sókè kó tó dé ibẹ̀, abẹ́rẹ́ ò débẹ̀. Orí lè fọ́ ọ lẹ́yìn náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi ní kó dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí màmá bá yín lọ, kí wọ́n fẹnu ara wọn bi dókítà, àgbàlagbà tí wọ́n bá fọ̀wọ̀ wọ̀ tí wọ́n là á yé máa ń gbà.

Bàbá Moyọ̀, Ifẹ̀

Ìyá Tiwa, mo kí yín o. Àìsàn yìí gan-an ló ṣe ọmọ mi obìnrin, kò tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tó mú un, ó ti parí ìtọ́jú tipẹ́, JSS ló wà báyìí, ó sì ń bá wọn sáré níbi inter-house sports. Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé dáadáa, ohun kan ṣá ni mo fẹ́ tẹ̀ mọ́ yín létí, torí òun ni mo rí tó pa ọmọ ẹlòmíràn.

Oṣù àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní induction, le. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n á máa gún un ní vincristine, á máa lo prednisolone lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ asparaginase wà níbẹ̀, òun lówó ẹ̀ máa ń ga, wọ́n á máa fún un ní omi dírípù àti allopurinol kí kíndìnrín rẹ̀ lè gbé ìdọ̀tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kú jáde. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kẹrin wọ́n á tún gún egungun ìdí, tí Ọlọ́run bá ṣe é wọ́n á ní ó ti wọ remission. Ẹ ó jó, ẹ ó yọ̀, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ojú ọmọ á ti mọ́, á ti máa sáré kiri, PCV á ti gòkè láìjẹ́ pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wá múra gidi.

Kí ló dé? Kọ̀ńsọ́tàntì tó tọ́jú Moyọ̀ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, n ò lè gbàgbé láé. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n rí àìsàn yìí lára ọmọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn lè tó tírílíọ̀nù kan. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé remission, ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí wọ́n bá wo mùdùnmúdùn lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọn ò rí tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n bílíọ̀nù mẹ́wàá ṣì lè wà lára ọmọ tí ojú máíkírósíkóòpù ò ká. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ koríko ẹ̀kan dáadáa, téèyàn bá fi àdá gé e lóko kòkó, ilẹ̀ á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ìtàkùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ láìkú, òjò méjì mẹ́ta péré ló ń dúró dè. Gbogbo oṣù tó tẹ̀ lé e, consolidation, àti maintenance tó gùn jù, ìtàkùn yẹn ni wọ́n ń wú. Ìdí tó fi gba ọdún méjì sí mẹ́ta nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbowó yín.

Ọkùnrin kan wà tí ọmọ tirẹ̀ àti Moyọ̀ jọ wà ní wọ́ọ̀dù kan náà. Ọmọ náà dáhùn sí oògùn kíákíá, kíákíá ju Moyọ̀ lọ pàápàá. Lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́ owó tán lọ́wọ́ wọn, ara ọmọ sì ti yá, ẹbí ní ṣé kò ti gbádùn ni, wọ́n gbé e lọ sílé. Nígbà tí wọ́n padà gbé e wá, àìsàn náà ti padà, oògùn tó ń ràn án tẹ́lẹ̀ ò ràn án bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo máa ń rántí ọmọ yẹn. Ìyá Tiwa, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ara tó yá tàn yín.

Tẹ́ ẹ bá dé maintenance, ilé lẹ ó ti máa fún un lóògùn. Mercaptopurine tí wọ́n ń pè ní 6-MP, ojoojúmọ́ ni, ní àsìkò kan náà, àwa yan alẹ́. Methotrexate oníhóró, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ o! Ọjọ́ Ẹtì ni tiwa, ìyá rẹ̀ fi bírò pupa yí gbogbo ọjọ́ Ẹtì ká lára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pákẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́jọ́ mìíràn, torí téèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́ ó lè pa á. Ẹ bá ìyá ọkọ yín àti ẹni tó bá ń bá yín tọ́jú ọmọ sọ eléyìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn nǹkan tó lè já yín láyà: irun á re, á tún hù. Prednisolone á jẹ́ kí ojú rẹ̀ wú, kí ebi máa pa á ṣáá, Moyọ̀ a jí lóru ganjọ́ a ní òun fẹ́ jẹ iyán, tá a bá gbé ẹ̀bà fún un á máa sunkún, ìyá rẹ̀ gúnyán lóru kọjá bẹ́ẹ̀. Ó tún máa ń jẹ́ kí wọ́n máa bínú, ẹ má lù ú, oògùn ni. Tí wọ́n bá gún un ní daunorubicin, abẹ́rẹ́ pupa yẹn, ìtọ̀ rẹ̀ lè pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Vincristine máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le, ẹ sọ fún wọn tí kò bá yàgbẹ́, ẹ má fún un ní ẹ́nímà o.

Ní ti owó, ẹ lọ rí àwọn medical social worker ní ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró dìgbà tí owó bá tán. Ẹ sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín, ẹ má tijú. Ẹ tún wá àwọn tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, torí nínú oṣù àkọ́kọ́ yẹn ẹ̀jẹ̀ àti platelet tí wọ́n máa fà sí i á pọ̀.

Ewé Ńjẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ṣùgbọ́n kímò yìí, àwọn oògùn kánsà tí wọ́n ń fún wọn, mo ti rí ẹni tó gbà á tó jẹ́ pé òun gan-an ló sọ ọ́ di egungun. Olódùmarè fún wa léwé. Ewé soursop, kẹ́ ẹ sè é, kí ọmọ máa mu ife kan láràárọ̀ àti lálẹ́, jẹjẹrẹ á gbọ̀nà lọ. Àwọn bàbá wa ò mọ kímò kí wọ́n tó máa tọ́jú ara wọn.

Apòògùn Ọmọ Ọbọ̀kun, Iléṣà

Bọ̀dá Ewé Ńjẹ́, mo mọ̀ pé ire ọmọ lẹ ń fẹ́, ẹ jẹ́ kí n fìbọ̀wọ̀ fún yín fèsì. Iṣẹ́ oògùn tí òyìnbó ń tà ni mo kọ́, mi ò sì kẹ́gàn ewé, torí inú ewé ni vincristine tí wọ́n fẹ́ gún Tiwa ti wá. Òdòdó kékeré kan ni, aláwọ̀ osùn tàbí funfun, tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé kiri Iléṣà níbí, periwinkle láti Madagascar lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ewé yẹn kéré débi pé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kílò ewé gbígbẹ ni wọ́n á lò kí wọ́n tó rí gíráàmù vincristine kan, Tiwa ò sì nílò ju mílígíráàmù kan sí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó ṣírò rẹ̀. Tó bá lé díẹ̀ ó ń ba iṣan ara jẹ́, tó bá dín kò ní ṣiṣẹ́. Ta ló lè fi ojú wọn ìyẹn nínú ìkòkò àgbo? Ẹ má sì lọ já òdòdó yẹn sè o, májèlé ni.

Soursop, ẹnikẹ́ni ò tíì fi í wo ọmọ kan sàn nínú lùkímíà. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tó ń gba kímò ti ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láti fọ methotrexate àti 6-MP, àgbo tó bá tún bọ́ sí i lórí lè dá ẹ̀dọ̀ yẹn dúró, á wá di dandan kí dókítà dá oògùn gidi dúró, àìsàn á sì ríbi bá wọlé. Omi tí wọn ò sè dáadáa sì wà, ara tí kò ní sẹ́ẹ̀lì funfun ò lè gba kòkòrò inú rẹ̀.

Ẹ ní àwọn bàbá wa ò mọ kímò, òótọ́ ni, òyìnbó náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kó tó di 1948, ọmọ tó bá ní àìsàn yìí, láàárín oṣù díẹ̀ ló ń kú, ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, kò sí ti pé bàbá rẹ̀ lówó. Ọdún yẹn ni Sidney Farber ní Boston kọ ọ́ jáde pé òun fi oògùn kan tó ń jẹ́ aminopterin tọ́jú àwọn ọmọ kan, ara wọn yá, ayé ò rí irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀ àìsàn náà padà sí wọn lára. Methotrexate jẹ́ àbúrò aminopterin yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Gertrude Elion àti George Hitchings ṣe 6-MP, tó wà lára iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fún wọn ní Nobel ní 1988. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ò lè dá a ṣe. Ọsibítù St. Jude ní Memphis tí wọ́n ṣí ní 1962, Donald Pinkel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ló da oògùn púpọ̀ pọ̀, tí wọ́n tọ́jú ọpọlọ mọ́ ọn, tí wọ́n sì fà á gùn fún ọdún bíi mélòó kan, ìgbà yẹn ni ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yè é tí kò padà mọ́. Ọ̀nà tí Tiwa fẹ́ gbà yìí, ọmọ tó kú kó tó là kò níye. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí ọmọ kúrò lójú ọ̀nà yẹn.

Adé Mayfair

Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní lùkímíà, Ifẹ̀ níbí ló ti ń gbàtọ́jú, kò gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, irun rẹ̀ ò re, oògùn oníhóró kan tó ń jẹ́ Glivec ló ń lò lójoojúmọ́, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́. Kí ló dé tí wọn ò fún ọmọ yìí ní tiẹ̀?

Apòògùn Ọmọ Ọbọ̀kun, Iléṣà

Ìbéèrè dáadáa lẹ bi. Ti ẹ̀gbọ́n yín, á jẹ́ CML, irú lùkímíà mìíràn, àgbàlagbà ló ń ṣe jù, ó ń rọra rìn ni, ti Tiwa ń sáré. Nínú CML nǹkan kan pàtó ló bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní Philadelphia chromosome, imatinib tó jẹ́ Glivec yẹn sì ń ti ibẹ̀ pa gẹ́lẹ́. Ní 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní Glivec lọ́fẹ̀ẹ́ ní OAUTHC, ọsibítù ńlá Ifẹ̀ yẹn, láti gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n sì ti wá síbẹ̀, ohun tó yẹ ká fi yangàn ni. Nínú ALL àwọn ọmọdé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní Philadelphia yẹn, tí wọ́n bá rí i lára ọmọ wọ́n á fi imatinib kún kímò rẹ̀, àmọ́ kò lè rọ́pò kímò.

Ìyá Ìbejì, Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń kà á. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ní in ńkọ́?

Ìyá Tiwa, Iléṣà

Ẹ ṣé, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á dá a padà fún gbogbo yín. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi lálẹ́ àná, ó ní òun ò ní gbé ọmọ kúrò. Bàbá Moyọ̀, ẹ bá mi gbá Moyọ̀ mọ́ra. Dókítà ní Tiwa wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní standard risk, kí nìyẹn? Àbúrò mi sì ti ní òun á fún un ní mùdùnmúdùn òun tí wọ́n bá fẹ́. Lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n lè jẹ́ ká lọ sílé fọ́jọ́ díẹ̀, ojú oorun ò sì kùn mí nítorí ibà, kí ni mo máa ṣe tára rẹ̀ bá tún gbóná lóru?

Nọ́ọ̀sì Lágeré, Ilé-Ifẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Standard risk, ìròyìn ayọ̀ ni. Ọmọ tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé mẹ́wàá, tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ ò tó 50,000 lọ́jọ́ tí wọ́n rí i, òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn ló máa ń rọrùn jù láti wò. Wọ́n á ṣì máa wo bó ṣe ń dáhùn sí oògùn o, wọ́n lè yí i padà. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yín, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ní ALL ò nílò mùdùnmúdùn ẹlòmíràn, kímò nìkan ló ń wò wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ni kí àbúrò yín wá fi sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, tó bá jẹ́ ìbejì ẹyin kan, àwọn tó jọra bí ẹni pé ẹnì kan ni, sẹ́ẹ̀lì burúkú lè gba inú olóbì ti ara ọ̀kan wọ ara ìkejì nígbà tí wọ́n wà nínú ikùn, nítorí náà dókítà á fẹ́ yẹ ìkejì wò. Ṣùgbọ́n ìbejì tó pọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá, ẹyin méjì ni wọ́n, ti ọmọ ìyá kan lásán ni. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìyá Tiwa, ibà lẹ bi mí. Tí ara rẹ̀ bá ti tó 38, ọsibítù lẹ máa lọ lóru yẹn gan-an, ẹ má dúró dọ̀la, ẹ má fún un ní paracetamol kí ibà lè lọ sílẹ̀ ká tó wò ó, ẹ má lọ sí chemist. Ara tí kò ní sẹ́ẹ̀lì funfun, kòkòrò lè gbà á láàárín wákàtí díẹ̀, abẹ́rẹ́ antibiotic ló nílò, láàárín wákàtí kan tẹ́ ẹ bá dé ló yẹ kó ti gbà á. Láti Iléṣà sí Ifẹ̀ ò jìnnà, ṣùgbọ́n lóru mọ́tò lè má sí, ẹ ti bá awakọ̀ kan tẹ́ ẹ mọ̀ sọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi dókítà láti ìsinsìnyí bóyá Wesley Guild ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré gbé e lọ. Ẹ kọ orúkọ àìsàn rẹ̀ àti oògùn tó gbà kẹ́yìn sínú ìwé, kó wà nínú báàgì.

Kó má lo ibuprofen tàbí aspirin, wọ́n ń dí platelet lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀. Oúnjẹ gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè ni kó máa jẹ, èso tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, omi tí wọ́n sè. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kó fi máa fọ ẹnu, kó máa fi omi iyọ̀ yọ́ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Tí ọmọ kan ládùúgbò bá ní mísùsù tàbí ṣíkìnpọ́ọ̀sì, kí Tiwa má débẹ̀, tó bá sì ti débẹ̀ ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì le gan-an fún ọmọ tó wà lórí kímò. Òun fúnra rẹ̀ ò ní gba àjẹsára tó ní kòkòrò ààyè nínú títí ìtọ́jú á fi parí, tí dókítà á sì sọ pé ó ti tó àkókò. Kí àbúrò rẹ̀ gba ti mísùsù tirẹ̀ pé o, ìyẹn ń dáàbò bo Tiwa náà, àmọ́ polio tí wọ́n ń kán sẹ́nu nígbà tí wọ́n bá ń kan ilẹ̀kùn kiri, ẹ bi dókítà ná kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí wọ́n kán an fún un, èyí tó jẹ́ abẹ́rẹ́ ló dáa nínú ilé tí ọmọ tó ń gba kímò bá wà.

Tọ́mọ́mítà, ẹ ra èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn, kì í wọ́n. Abẹ́ apá ni kẹ́ ẹ ti máa wò ó, ẹ má kì í sí i nídìí rárá.